Ìtàn Títú Ìṣù Èébì Òwìwí

Odidi eku ni òwìwí sábà máa ń gbé mì. Ẹran á dà, irun àti egungun á ṣù jọ, ẹyẹ náà á sì pọ̀ wọ́n jáde. Ẹni tó bá rẹ ìṣù náà sómi, tó fi abẹ́rẹ́ tú u, yóò bá agbárí tó lè fi mọ ohun tó jẹ. 

Ọ̀rọ̀ iye ẹran tí wọ́n bá nínú ìṣù ló takókó. Bernard Altum, àlùfáà Kátólíìkì tó tún jẹ́ onímọ̀ ẹranko ní Jámánì, ni wọ́n sábà ń pè ní aṣáájú nínú irú ìwádìí yìí. Ó tọ́ bẹ́ẹ̀. Òótọ́ ni pé Réaumur ará Faransé ti lo ẹyẹ tó ń pọ̀ ní 1752, ṣùgbọ́n bí oúnjẹ ṣe ń dà ló ń wá, kì í ṣe egungun. Ní 1863, Altum kọ̀wé lórí ìṣù 706 tí òwìwí olójú funfun pọ̀: asín inú rẹ̀ lé ní 1,500. Ní 1893, A. K. Fisher ti ilé iṣẹ́ ọ̀gbìn Amẹ́ríkà tẹ tirẹ̀ jáde. Nínú ìṣù 200 láti ilé ìṣọ́ Smithsonian ní Washington, agbárí 454 ló kà: eku pápá 225, eku ilé 179, asín 20 péré, ẹyẹ kan ṣoṣo.

Ẹni tó bá ka Fisher nìkan yóò ní ọ̀rẹ́ àgbẹ̀ ni òwìwí. Ẹni tó bá ka Altum yóò ní rárá, torí kòkòrò ni asín ń jẹ, kì í ṣe irè oko. Lójú tèmi, kò sẹ́ni tó parọ́ nínú wọn: ohun tó pọ̀ nítòsí ni òwìwí ń pa. Nítorí náà, àgbẹ̀ ẹ̀gẹ́ ní Igbó-Ọrà tàbí Èrúwà kò lè yá nọ́ńbà Washington lò.

Àwọn kan ti wo oúnjẹ òwìwí nítòsí wa: Heim de Balsac kọ̀wé lórí ti ìwọ̀ oòrùn Áfíríkà ní 1965, Demeter lórí ti àríwá Nàìjíríà ní 1981.

Kí ẹni tó fẹ́ tú tiwa ṣọ́ra fún ìwé òyìnbó tó ní eyín asín máa ń pupa lórí. Asín ilẹ̀ Yúróòpù kan nìyẹn. Funfun ni eyín tiwa. Àlàfo ni kó wò. Eku ní eyín iwájú gígùn, àyè gbayawu á wà kó tó kan eyín tó fi ń lọ oúnjẹ. Ti asín tò tẹ̀lé ara wọn ni. Àdán ní tirẹ̀ ní eyín ṣóńṣó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu. Fún èyí tó kù, ìwé The Mammals of Nigeria tí Happold, tó ti ṣiṣẹ́ ní Yunifásítì Ìbàdàn, tẹ̀ jáde ní 1987 ṣì dára.

Ní 1996, Taberlet àti Fumagalli fi hàn pé a lè rí DNA yọ nínú egungun inú ìṣù. Ìyẹn lè wúlò fún àwọn eku Mastomys, tí agbárí wọn jọra púpọ̀, tí irú kan nínú wọn sì ń gbé àrùn ibà Lásà.