Ta Ni Yóò Jí Lóru fún Ọmọ Ológbò?

Fọ́tò kan wà tó ṣeé ṣe kó ti kọjá lójú yín rí lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Sójà Amẹ́ríkà kan jókòó, akoto irin wà lórí rẹ̀, ó tẹ orí ba, ó ń wo ohun kan tí kò fi bẹ́ẹ̀ ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Ọmọ ológbò ni. Dírọ́pà, irú èyí tí wọ́n fi ń kán oògùn sójú, ló fi ń fún un lóúnjẹ. Ẹni tó bá wo ojú sójà yẹn yóò rò pé kò sí ohun mìíràn tó ká a lára láyé ju pé kí ẹ̀kán kan ṣoṣo má ṣòfò.

Kòríà ni wọ́n ti ya fọ́tò náà, nígbà ogun tó bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kẹfà ọdún 1950, tó sì dáwọ́ dúró ní oṣù keje ọdún 1953. Frank Praytor lorúkọ sójà náà, sájẹ́ǹtì láàárín àwọn ológun tí wọ́n ń pè ní Marine, iṣẹ́ akọ̀ròyìn ló sì ń ṣe lójú ogun. Martin Riley, tí òun náà jẹ́ Marine, ló ya fọ́tò. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n kọ sábẹ́ rẹ̀ sọ pé ọmọ ọ̀sẹ̀ méjì ni ológbò náà, pé ọta àgbá ló pa ìyá rẹ̀ nítòsí òkè kan tí àwọn Marine sọ ní Bunker Hill. Praytor sọ ọmọ náà ní Miss Hap. Ẹ̀fẹ̀ wà nínú orúkọ yẹn o. Bí ẹ bá pe ọ̀rọ̀ méjèèjì pọ̀ lédè Gẹ̀ẹ́sì, àgbákò ni. Ó ní ibi tí kò yẹ ni wọ́n bí i sí, ní àkókò tí kò yẹ. Àwa tí à ń sọ ọmọ tí wọ́n bí sójú ọ̀nà ní Abíọ́nà, a kúkú mọ irú orúkọ bẹ́ẹ̀.

Ìtàn náà kò tán síbẹ̀. Praytor ti ya fọ́tò kan lójú ogun kí èyí tó ṣẹlẹ̀, ó sì fi í ránṣẹ́ sí ìdíje láì jẹ́ kó kọ́kọ́ gba ọwọ́ àwọn ọ̀gá tó ń yẹ fọ́tò wò kó tó jáde. Inú bí àwọn ọ̀gá. Ọ̀rọ̀ ti fẹ́ di ti kóòtù àwọn ológun. Àfi bí fọ́tò ọmọ ológbò ṣe jáde nínú nǹkan bí 1,700 ìwé ìròyìn káàkiri Amẹ́ríkà. Ta ló fẹ́ gbé ẹni tí gbogbo ìyá nílé ń gbàdúrà fún lọ sí kóòtù? Ẹjọ́ kú síbẹ̀. Nígbà tí Praytor dàgbà, ó sọ ọ́ lẹ́nu ara rẹ̀ pé fọ́tò yẹn ló yọ òun. Ó tún ní àwọn ọmọbìnrin kọ lẹ́tà sí òun láti ibi gbogbo, pé àwọn fẹ́ fẹ́ òun. Ká sọ pé Instagram ti wà nígbà yẹn ni!

Ó rọrùn láti bínú sí irú ìtàn yìí. Ogun tó pa èèyàn tó lé ní mílíọ̀nù méjì, tó sọ ọmọ èèyàn tí kò lóǹkà di òrukàn, ọmọ ológbò ni àwọn ìwé ìròyìn wá gbé sójú ewé. Ìbínú yẹn ní ìdí, a kò sì ní bẹ ẹnikẹ́ni pé kó gbé e jẹ. Ṣùgbọ́n ohun tó ń jẹ àwa lọ́kàn jù ni pé fọ́tò náà kò sọ ìdajì iṣẹ́ tó wà níbẹ̀. Ó fi wàrà hàn wá, a sì gbà pé wàrà ló tán.

Ẹ gbọ́ ohun tó wà níbẹ̀. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá bí ọmọ ológbò, kì í sábà wúwo ju nǹkan bí 100 gíráàmù lọ, ọṣẹ ìfọwọ́ kan péré. Ojú rẹ̀ dì, etí rẹ̀ dì, kò sì lè mú ara rẹ̀ gbóná. Ìyá ni ààrò, ìyá ni aago, ìyá náà sì ni ilé ìgbọ̀nsẹ̀. A kò ṣe àwàdà ní ti èyí tó kẹ́yìn yẹn. Ọmọ ológbò kékeré kò lè dá tọ̀, kò sì lè dá yàgbẹ́. Ahọ́n ìyá ló ń lá a nídìí kí ìtọ̀ tó lè jáde. Ẹni tó bá fẹ́ gba ipò ìyá gbọ́dọ̀ fi òwú tó rẹ sínú omi tó lọ́wọ́ọ́wọ́ máa nù ún nígbàkigbà tó bá fẹ́ jẹun, títí ọmọ náà yóò fi tó nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́rin. Bí kò bá nù ún, ọmọ á jẹun yó, á sì kú pẹ̀lú ikùn tó kún.

Ooru ló tún ṣáájú oúnjẹ. Bí ara ọmọ ológbò bá tutù, ìfun rẹ̀ kò ní ṣiṣẹ́. Wàrà tí ẹ bá fún un á kàn jókòó síbẹ̀, á kan. Nítorí náà ẹni tó bá rí ọmọ tó ti gan nínú òtútù, tó wá sáré gbé fídà, ìfẹ́ ló fi ń pa á. Páálí kan, aṣọ díẹ̀, ìgò omi gbígbóná tí wọ́n fi tówẹ̀lì wé, ìyẹn ló kọ́kọ́ kàn. Lẹ́yìn tí ara bá ti yá ni oúnjẹ tó kàn: lẹ́ẹ̀kan ní wákàtí méjì ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ní wákàtí mẹ́ta tàbí mẹ́rin nígbà tó bá pé ọ̀sẹ̀ méjì bíi ti Miss Hap, tọ̀sán-tòru.

Ohun kan tún wà tí àṣà tiwa lè fi ṣì wá lọ́nà. Àwọn ìyá wa àgbà mọ ọmọ rọ. Wọ́n á gbé ọmọ dùbúlẹ̀ lórí itan, wọ́n á fi àtẹ́lẹwọ́ ṣe bí abọ́ sí i lẹ́nu, wọ́n á da àgbo tàbí ẹ̀kọ sí i, ọmọ á máa ké, á máa gbé e mì. Ẹ má dán an wò lára ọmọ ológbò o. Àyà ló ń dùbúlẹ̀ lé bó ṣe ń mu ọmú ìyá rẹ̀, kì í fi ẹ̀yìn lélẹ̀. Ẹni tó bá gbé e nàró bí ọmọ èèyàn, tó sì ń tẹ sírínjì sí i lẹ́nu, inú ẹ̀dọ̀fóró ni wàrà ń lọ. Òun fúnra rẹ̀ ni kó máa fà á.

Ìwọ̀nyí ni fọ́tò Kòríà kò lè gbé. Òwú ìnùdí kì í jáde nínú ìwé ìròyìn.

Kí ló ń ṣẹlẹ̀ sí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ kó tó di pé ẹnikẹ́ni ń ya fọ́tò? Ní Yúróòpù àti Amẹ́ríkà, garawa omi ni. Bí ológbò ilé bá bímọ jù, wọ́n á kó àwọn ọmọ sínú omi kí ojú wọn tó là, wọ́n sì ka ìyẹn sí àánú. Mary Tealby dá ilé ààbò ajá sílẹ̀ ní London ní ọdún 1860, èyí tó wá di Battersea tí gbogbo ayé mọ̀ lónìí. Ó di 1883 kí wọ́n tó gba ológbò síbẹ̀. Ní oṣù kẹsàn-án 1939, nígbà tí ogun àgbáyé kejì bẹ̀rẹ̀, àwọn ará London fúnra wọn gbé ajá àti ológbò wọn lọ fún pípa. Òpìtàn Hilda Kean, tó kọ ìwé lórí ọ̀rọ̀ náà ní 2017, ní ó tó nǹkan bí 400,000 láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Kò sí òfin tó fi dandan lé e. Bọ́ǹbù kankan kò tíì já lu ìlú náà. Wọ́n kàn ṣírò owó oúnjẹ àti wàhálà tó ń bọ̀ ni, ìṣírò náà sì já sí ikú. Nílẹ̀ wa, ẹ mọ̀ ọ́n: ẹ̀yìn ọjà, orí ààtàn, tàbí òkò láti ọwọ́ ẹni tó gbà pé àjẹ́ ló ń ké lóru.

Ká tilẹ̀ sọ pé ẹnìkan ṣàánú, wàrà wo ló fẹ́ fún un? Àwòrán ológbò tó ń lá wàrà màlúù nínú àwo pọ̀ nínú ìwé ọmọdé, irọ́ ńlá sì ni. Wàrà ológbò fi nǹkan bí ìlọ́po méjì ju ti màlúù lọ ní purotéènì, ṣúgà inú ti màlúù a sì máa ṣí ọmọ náà nínú títí omi ara rẹ̀ á fi gbẹ. Ó tún ku ohun kan tí ẹnikẹ́ni kò fura sí. Ní 1975, K. C. Hayes àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ ìwádìí kan jáde nínú ìwé ìròyìn Science: ológbò tí wọ́n ń fi purotéènì inú wàrà màlúù nìkan bọ́, ẹ̀yìn ojú rẹ̀ ń bàjẹ́ díẹ̀díẹ̀. Ohun tó ń jẹ́ taurine ni kò tó. Inú ẹran àti ẹja ló pọ̀ sí, ara ológbò kò sì lè ṣe èyí tó tó o fúnra rẹ̀. Ní 1987, Paul Pion àti àwọn tó bá a ṣiṣẹ́ fi hàn pé àìtó taurine yìí kan náà ló ń ba ọkàn ológbò jẹ́, àní lára àwọn tó ń jẹ oúnjẹ inú agolo tí wọ́n rà ní ṣọ́ọ̀bù. Àwọn tó ń ṣe oúnjẹ ológbò bá fi kún un.

Ẹ wá wo bí ọ̀rọ̀ ṣe yí. Wàrà ọmú ìyá èèyàn ní taurine dáadáa, ti màlúù kò fi bẹ́ẹ̀ ní in. Ohun tí wọ́n rí lójú àwọn ológbò yẹn wà lára ohun tó mú kí àwọn tó ń ṣe wàrà inú agolo fún ọmọ ọwọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í fi taurine sí i nínú àwọn ọdún 1980. Ẹ ka ara agolo wàrà ọmọ tó bá wà nítòsí yín, ó ṣeé ṣe kẹ́ ẹ rí i níbẹ̀. Ológbò tó fọ́jú ló ra èyí fún wa, a kò sì rántí dúpẹ́.

Ó yẹ kí ìtàn wá dùn láti ibẹ̀ lọ, àbí? Wàrà ti wà, ìmọ̀ ti wà, fídà kékeré ti wà lórí àtẹ. Síbẹ̀, àwọn ọmọ ológbò tí kò tíì já lẹ́nu ọmú wà lára àwọn ẹranko tó ń kú jù nínú àwọn ilé ààbò Amẹ́ríkà. Ìdí rẹ̀ á yà yín lẹ́nu: aago ìparí iṣẹ́ ni. Òṣìṣẹ́ ń lọ sílé nírọ̀lẹ́, ọmọ tó gbọ́dọ̀ jẹun ní wákàtí méjì-méjì kò sì lè dúró di àárọ̀. Nítorí náà wọ́n á gún un lábẹ́rẹ́ ikú kí wọ́n tó ti ilẹ̀kùn. Ẹni tó gún un lè fẹ́ràn ológbò ju gbogbo wa lọ.

Òfin pàápàá fò wọ́n. Ní 1998, California ṣe òfin kan tí aṣòfin Tom Hayden gbé kalẹ̀, pé kí wọ́n má pa ẹranko kankan tó bá ṣeé fún ẹlòmíràn gbà. Òfin rere ni. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n ń túmọ̀ irú ẹranko tó ṣeé gbà, wọ́n ní ó gbọ́dọ̀ tó ọmọ ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ ó kéré tán. Ọlọ́sẹ̀ méjì ńkọ́? Kò sí nínú ìkà.

Alágbàtọ́ ló wá dí àlàfo yẹn, àwọn èèyàn tó ń gbé ẹranko lọ sílé wọn fún ìgbà díẹ̀, kó lè dàgbà débi tí ẹlòmíràn á fi gbà á. Ní Austin, ní Texas, dókítà ẹranko Ellen Jefferson gba ìdarí ẹgbẹ́ Austin Pets Alive! ní 2008, wọ́n sì ń lọ kó àwọn ọmọ ológbò tó wà nínú ewu ikú ní ilé ààbò ìlú. Wọ́n ṣètò yàrá ìtọ́jú tí àwọn olùyọ̀ǹda ń pín iṣẹ́ rẹ̀ ṣe tọ̀sán-tòru. Lẹ́yìn èyí ni Hannah Shaw, tí ọ̀pọ̀ yín mọ̀ sí Kitten Lady lórí YouTube, bẹ̀rẹ̀ sí í fi fídíò kọ́ni ní iṣẹ́ náà, ó sì tẹ ìwé Tiny but Mighty jáde ní 2019. Ohun tí a fẹ́ràn nínú fídíò rẹ̀ ni pé òwú ìnùdí wà níbẹ̀, òṣùwọ̀n wà níbẹ̀, oorun tí kò tó náà hàn lójú rẹ̀.

Ohun tí àwọn alágbàtọ́ wọ̀nyí máa ń sọ jù ni pé kéèyàn má tètè pe ọmọ ní òrukàn. Ti Miss Hap yàtọ̀, nítorí wọ́n ní ìyá rẹ̀ ti kú. Ṣùgbọ́n ìyá ológbò a máa fi ọmọ sílẹ̀ fún wákàtí mélòó kan láti wá oúnjẹ, kò sì sí fídà tó lè ṣe bíi tirẹ̀. Tí ẹ bá rí ọmọ ológbò lẹ́yìnkùlé, tí ara wọn gbóná, tí ikùn wọn yọ, tí wọ́n sùn láì ké, ẹ fà sẹ́yìn. Àwọn kan a tilẹ̀ máa bu ìyẹ̀fun díẹ̀ sílẹ̀ yí ibẹ̀ ká, kí wọ́n tó padà lẹ́yìn wákàtí díẹ̀. Tí ẹ bá bá ipa ẹsẹ̀ ìyá wọn nínú ìyẹ̀fun náà, ẹ gbé páálí yín, kẹ́ ẹ máa lọ sílé.