Abọ̀ Ọ̀rọ̀ Lókè Òfuurufú

Abọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí; bó bá dénú rẹ̀, a di odindi. Ìtumọ̀ rẹ̀ kò le: ẹni tó lójú inú kò nílò àlàyé gígùn, díẹ̀ tó gbọ́ ti tó o láti mọ ìyókù. Ṣùgbọ́n àárín àwọn tó mọ ara wọn ni wọ́n ti ń sọ ọ́, níbi tí ojú ti ń ran ẹnu lọ́wọ́. Awakọ̀ bàálù kì í rí ojú ẹni tó ń bá a sọ̀rọ̀ nínú rédíò. Ní ọ̀dọ̀ tirẹ̀, abọ̀ ọ̀rọ̀ ti pa ènìyàn púpọ̀, dídi tó sì di odindi nínú ẹni tó gbọ́ ọ gan-an ló pa wọ́n.

Ó ti pẹ́ tí àwọn awakọ̀ ti ń jiyàn bóyá hẹ́ẹ̀dísẹ́ẹ̀tì tó ń pa ariwo àti rédíò tó dára ń dín ewu kù. Èmi gbà pé wọ́n ń dín in kù. Ṣùgbọ́n irú ewu wo? Oríṣi abọ̀ ọ̀rọ̀ méjì ló wà lókè lọ́hùn-ún. Ọ̀kan ni èyí tí ariwo gé sí méjì kó tó dé etí. Èkejì ni èyí tó ti ẹnu ẹni tó sọ ọ́ jáde ní abọ̀, tí kò sí ariwo kankan nídìí rẹ̀. Hẹ́ẹ̀dísẹ́ẹ̀tì ń wo àkọ́kọ́ sàn. Kò mọ nǹkan kan nípa èkejì, ibẹ̀ sì ni òkú pọ̀ sí jù.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo èyí tí ariwo ń gé. Abẹ̀bẹ̀ iwájú bàálù kékeré bíi Cessna 172 ní apá méjì. Bó bá ń yí nígbà 2,400 ní ìṣẹ́jú kan, apá abẹ̀bẹ̀ á gé afẹ́fẹ́ nígbà 80 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ohùn ìsàlẹ̀ tó ń kùn ni èyí ń mú jáde, ohùn ẹ́ńjìnnì sì tún wọlé tì í. Nínú irú bàálù bẹ́ẹ̀, ariwo sábà máa ń wà ní nǹkan bíi dẹ́síbẹ̀lì 90, nígbà tó jẹ́ pé 85 ni ilé-iṣẹ́ NIOSH ní Amẹ́ríkà ní kí etí òṣìṣẹ́ má kọjá fún wákàtí mẹ́jọ. Ohùn ìsàlẹ̀ máa ń bo ohùn òkè mọ́lẹ̀ ju bí tòkè ṣe lè bo tìsàlẹ̀ lọ. Nínú ọ̀rọ̀ ènìyàn, fáwẹ́lì ló ní agbára. S, f, t àti k kéré, wọ́n sì wà lókè. Àwọn wọ̀nyí ni ariwo ẹ́ńjìnnì ń gbé mì. Awakọ̀ á gbọ́ pé ẹnì kan ń sọ̀rọ̀, á mọ̀ pé ọkùnrin ni tàbí obìnrin, ṣùgbọ́n kò ní mọ̀ bóyá 15 ló wí tàbí 50, nítorí ìparí ọ̀rọ̀ méjèèjì ló yàtọ̀ lédè Gẹ̀ẹ́sì.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé hẹ́ẹ̀dísẹ́ẹ̀tì yìí ń pa gbogbo ohùn. Kò rí bẹ́ẹ̀. Máìkì kékeré inú rẹ̀ ń gbọ́ ariwo tó ń bọ̀, ẹ̀rọ á sì tú ìgbì ohùn tó dojú kọ ọ́ jáde, kí wọ́n lè pa ara wọn. Ohùn ìsàlẹ̀ tó ń lọ bákan náà nìkan ló rọrùn láti bá pàdé báyìí. Ìbòrí etí àti fóòmù ló ń dí tòkè. Paul Lueg, ará Jámánì, ti gba ìwé àṣẹ lórí èrò yìí ní Amẹ́ríkà ní 1936. Nínú bàálù tó ń bọ̀ láti Zurich sí Boston ní 1978 ni Amar Bose, onímọ̀ ẹ̀rọ ará Amẹ́ríkà, ti bẹ̀rẹ̀ ìṣirò tirẹ̀. Dick Rutan àti Jeana Yeager fi àpẹẹrẹ àkọ́kọ́ iṣẹ́ rẹ̀ sétí nígbà tí wọ́n gbé bàálù Voyager yí ayé po fún ọjọ́ mẹ́sàn-án ní 1986 láìbalẹ̀. Ní 1989 ni Bose bẹ̀rẹ̀ sí í tà á fún àwọn awakọ̀.

Nítorí pé ìsàlẹ̀ gan-an ni ariwo bàálù kékeré pọ̀ sí, èrè rẹ̀ pọ̀ níbẹ̀: kọ́ńsónáǹtì á padà dé etí, awakọ̀ kò ní pariwo sí máìkì, kò sì ní fi orí fífọ́ balẹ̀ lẹ́yìn wákàtí mẹ́rin. Àárẹ̀ náà ń ṣini lọ́nà. Ṣùgbọ́n gbogbo ariwo kọ́ ni ọ̀tá. Ní 2007, àjọ FAA tó ń bójú tó ìrìnnà òfuurufú ní Amẹ́ríkà kìlọ̀ pé irú hẹ́ẹ̀dísẹ́ẹ̀tì yìí lè jẹ́ kí awakọ̀ má gbọ́ àwọn ohùn ìkìlọ̀ nínú bàálù. Fèrè tó ń kìlọ̀ lára ọ̀pọ̀ Cessna 172 pé ìyẹ́ apá kò rí afẹ́fẹ́ gbé bàálù dúró mọ́, afẹ́fẹ́ ló ń fọn ọ́. Kò gba inú wáyà kankan wá sínú hẹ́ẹ̀dísẹ́ẹ̀tì. Ẹni tó bá ra tuntun gbọ́dọ̀ fò pẹ̀lú olùkọ́, kó mú kí fèrè náà dún ní ibi gíga tí kò léwu, kó mọ̀ bóyá òun ṣì ń gbọ́ ọ.

Mo fẹ́ pẹ́ díẹ̀ lórí abọ̀ kejì. Ní ọjọ́ 27, oṣù Kẹta, 1977, ní pápákọ̀ òfuurufú Los Rodeos ní erékùṣù Tenerife tó jẹ́ ti Sípéènì, bàálù 747 méjì, ọ̀kan ti iléeṣẹ́ KLM, èkejì ti Pan Am, kọ lu ara wọn nínú ìkùukùu lójú ọ̀nà ìgbéra. Ènìyàn 583 ló kú. Wọ́n ti fún bàálù KLM ní àṣẹ ipa ọ̀nà tí yóò tọ̀ lẹ́yìn tó bá gbéra, wọn kò tíì fún un ní àṣẹ pé kó gbéra. Igbákejì awakọ̀ ka àṣẹ náà padà, ó sì fi kún un pé àwọn ti wà níbi ìgbéra báyìí. Abọ̀ ọ̀rọ̀ nìyẹn. Ó di odindi nínú adarí tó wà ní ilé ìṣọ́: ó gbà pé wọ́n dúró, wọ́n ń retí òun. Òun náà dáhùn pé "OK", ó sinmi díẹ̀, kó tó wí pé kí wọ́n dúró, òun yóò pè wọ́n. Nínú awakọ̀ KLM, "OK" yẹn nìkan di odindi àṣẹ. Ìyókù kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ dáadáa, nítorí pé bàálù Pan Am sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà pé àwọn ṣì wà lójú ọ̀nà. Ohùn méjèèjì pàdé lórí ìkànnì kan ṣoṣo, igbe ṣooro tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìṣẹ́jú àáyá mẹ́rin ló jáde.

Àwọn kan ń sọ pé rédíò àtijọ́ ló fa èyí, wọ́n sì ń bèèrè ìdí tí bàálù ṣì fi ń lo ìlànà AM nígbà tí FM mọ́ tónítóní jù ú lọ. Mímọ́ yẹn gan-an ni ewu. Lórí FM, bí ẹni méjì bá sọ̀rọ̀ pọ̀, ẹni tí agbára rẹ̀ pọ̀ jù á bo ẹnì kejì mọ́lẹ̀ pátápátá, kò sì sí ẹni tí yóò mọ̀ pé ẹlòmíì sọ̀rọ̀. AM á ké. Igbe yẹn ń sọ pé: nǹkan kan sọnù níbí, ẹ béèrè. Ní Tenerife, kò sí ẹni tó béèrè.

Ibi tó dùn mí jù ni èyí tó tẹ̀ lé e. Lẹ́yìn igbe náà, adarí ní kí Pan Am sọ fún òun bí wọ́n bá ti kúrò lójú ọ̀nà, Pan Am sì gbà. Ọ̀rọ̀ yìí dé inú bàálù KLM ketekete. Ẹnjiníà inú bàálù náà gbọ́ ọ, ó sì bèèrè bóyá Pan Am kò tíì kúrò ni. Nínú gbogbo wọn lọ́jọ́ náà, òun ni ọmọlúàbí tí òwe wa ń wí: abọ̀ dénú rẹ̀, ó sì di odindi tó jẹ́ òótọ́. Ọ̀gá rẹ̀ dá a lóhùn pẹ̀lú ìdánilójú pé Pan Am ti kúrò, bàálù sì ń sáré lọ. Hẹ́ẹ̀dísẹ́ẹ̀tì wo ni ì bá wo èyí sàn?

Lẹ́yìn náà ni wọ́n ṣe é ní òfin pé a kò gbọ́dọ̀ dárúkọ ìgbéra lórí rédíò àfi nígbà tí a bá ń fúnni láṣẹ rẹ̀ tàbí tí a bá ń gba àṣẹ náà padà. Kí a ka àṣẹ padà ní odindi nìkan kò tó. Ẹni tó pàṣẹ gbọ́dọ̀ tẹ́tí sí kíkà náà. Ní 1989, nítòsí Kuala Lumpur, adarí ní kí bàálù ẹrù Flying Tiger kan sọ̀kalẹ̀ sí ẹsẹ̀ bàtà 2,400. Ó pe nọ́ńbà náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Èyí tó ṣáájú dún bákan náà pẹ̀lú ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì mìíràn tó túmọ̀ sí "dé", àwọn awakọ̀ sì gbà pé 400 ló wí. Wọ́n ka 400 padà. Kò sí ẹni tó tún un ṣe. Àwọn mẹ́rin tó wà nínú rẹ̀ kú lára òkè.

Nísinsìnyí, lórí òkun Àtìláńtíìkì àti lókè réré ní Yúróòpù, púpọ̀ nínú àṣẹ ti ń dé bí àtẹ̀jíṣẹ́ lójú kọ̀ǹpútà bàálù. Ariwo kò lè gé e, nọ́ńbà kan kò sì lè dún bí ọ̀rọ̀ mìíràn. Ṣùgbọ́n ẹni tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí nìkan ló ń rí i. Lórí rédíò, gbogbo ẹni tó wà lórí ìkànnì kan ló ń gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ fún ẹlòmíì, ọ̀rọ̀ tí wọn kò sọ sí ẹnjiníà KLM ló sì mú un bèèrè ìbéèrè rẹ̀. Nítorí náà ni mo fi fara mọ́ ọn pé kí ohùn ènìyàn máa bá iṣẹ́ lọ nítòsí pápákọ̀, níbi tí bàálù ti há mọ́ ara wọn, kí hẹ́ẹ̀dísẹ́ẹ̀tì tó dára sì wà létí gbogbo ẹni tó wà níbẹ̀.