Láti Wolfsburg dé Suame: Bí ọkọ̀ Jámánì tó ti kú ṣe ń jí dìde ní Kumasi

Bí ọkọ̀ bá dákú ní Dichemso, ní ìlú Kumasi lórílẹ̀-èdè Ghana, awakọ̀ kì í ronú lẹ́ẹ̀mejì nípa ibi tó máa wọ́ ọ lọ. Suame kò jìnnà síbẹ̀. Níbẹ̀ ni Magazine wà, àdúgbò ńlá àwọn mẹkáníìkì, tí àwọn ará Ghana ń pè ní fítà. Iye àwọn tí wọ́n sábà máa ń sọ pé wọ́n ń jẹun níbẹ̀ lé ní 200,000: àwọn tó ń tú ẹ́ńjìnnì, àwọn tó ń jó irin, àwọn tó ń lu ara ọkọ̀, àwọn tó ń ta ẹ̀yà ara ọkọ̀ àlòkù, àti àwọn obìnrin tó ń gbé oúnjẹ kiri fún gbogbo wọn.

Páńtí irin ni àlejò máa kọ́kọ́ rí. Wọ́n to ẹ́ńjìnnì jọ bí ẹni to iṣu sọ́jà, ilẹ̀kùn Mercedes fẹ̀yìn ti ògiri, gíábọ́ọ̀sì sì ń kán epo dúdú sílẹ̀. Àmọ́ ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tó ń gbé èrò lọ sí Tamale àti Accra, inú páńtí yìí ni wọ́n ti gba ara tuntun.

Àwọn kan máa ń fojú iṣẹ́ aláìní wo ohun tí wọ́n ń ṣe ní Suame. Wọ́n gbàgbé pé irú iṣẹ́ yìí gan-an ni ọ̀kan lára àwọn ilé iṣẹ́ ọkọ̀ tó lókìkí jù lágbàáyé fi bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì.

Bí òjò bá rọ̀, iṣẹ́ á dúró

Lọ́dún 1938 ni ìjọba Hitler fi ìpìlẹ̀ ilé iṣẹ́ Volkswagen lélẹ̀, pẹ̀lú ìlérí pé mẹ̀kúnnù yóò ní ọkọ̀ tirẹ̀. Àwọn ará Jámánì bẹ̀rẹ̀ sí í san owó rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, bí ẹni ń dá àjọ. Ogun dé lọ́dún tó tẹ̀ lé e, kò sì sí ẹnì kankan nínú àwọn tó dá àjọ náà tó rí ọkọ̀ gbà. Ohun èlò ogun ni ilé iṣẹ́ náà ń ṣe títí ogun fi parí, àwọn tí wọ́n sì fipá kó láti ilẹ̀ mìíràn ló pọ̀ jù nínú àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀. Lọ́dún 1944, ọkọ̀ òfurufú Amẹ́ríkà ju àdó olóró sí i.

Nígbà tí ogun parí lọ́dún 1945, ọwọ́ àwọn ọmọ ogun Britain ló bọ́ sí. Wọn kò ní in lọ́kàn láti ṣe ọkọ̀ níbẹ̀. Ibi tí wọ́n á ti máa tún ọkọ̀ ara wọn ṣe ni wọ́n kọ́kọ́ fi ṣe, ká kúkú sọ pé Suame tiwọn. Ọ̀gá sójà kan tó jẹ́ ọmọ ọdún 29, Ivan Hirst, ló dé síbẹ̀ nínú oṣù kẹjọ. Hirst mú ọ̀kan nínú àwọn ọkọ̀ tó kù sílẹ̀, ó ní kí wọ́n kùn ún ní ọ̀dà àwọ̀ ewé bíi ti ọkọ̀ sójà, ó sì fi ránṣẹ́ sí àwọn ọ̀gá rẹ̀. Ọkọ̀ ń wọ́n àwọn ọmọ ogun náà lójú méjèèjì. Wọ́n ní kí ó ṣe 20,000.

Kí ló máa fi ṣe é? Òrùlé ti lu, gíláàsì fèrèsé ti fọ́, tó fi jẹ́ pé bí òjò bá rọ̀, iṣẹ́ á dúró. Irin kò sí lọ́jà, ni wọ́n bá ń fi ọkọ̀ tí wọ́n ti ṣe tán ṣe pàṣípààrọ̀ irin tí wọ́n máa fi ṣe òmíràn. Wọ́n ṣa ẹ̀yà ara ọkọ̀ ogun tó ṣẹ́kù jọ. Lára àwọn ọkọ̀ àkọ́kọ́ náà, ṣáásì ọkọ̀ ogun ló wà nísàlẹ̀, ara ọkọ̀ mẹ̀kúnnù ni wọ́n gbé lé e lórí. Ọjọ́ 27, oṣù kejìlá, ọdún 1945 ni iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní pẹrẹu. Ọkọ̀ 55 péré ni wọ́n rí ṣe kí ọdún náà tó parí.

Àwọn ilé iṣẹ́ ọkọ̀ ní Britain wá wo ibẹ̀, wọ́n ní ọkọ̀ náà kò lè tà. Nígbà tó fi máa di oṣù kẹjọ ọdún 1955, ọkọ̀ náà ti pé mílíọ̀nù kan. Ọkọ̀ yìí kan náà ni Yorùbá ń pè ní Ìjàpá, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tò lójú ọ̀nà Badagry nílùú Èkó lọ́dún 1975.

Kì í ṣe Volkswagen nìkan. Mercedes tún bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1946 pẹ̀lú ọkọ̀ tó ń gbé aláìsàn àti ti ọlọ́pàá. Ní ti Opel, Soviet ló gba ẹ̀tọ́ àti ṣe ọkọ̀ Kadett rẹ̀, ọkọ̀ náà sì jáde ní Moscow pẹ̀lú orúkọ mìíràn.

Kí ló dé tí wọ́n ń pè é ní Magazine?

Ibi tí àwọn ọmọ ogun ìjọba amúnisìn ń kó ohun ìjà pamọ́ sí ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ irú ibi bẹ́ẹ̀ ní Kumasi ni àwọn fítà àkọ́kọ́ kóra jọ sí, nígbà tí wọ́n sì kó wọn lọ sí Suame, wọ́n gbé orúkọ náà dání.

Láti ìbẹ̀rẹ̀ ni iṣẹ́ wọn ti ju àtúnṣe lọ. Ọkọ̀ akẹ́rù Bedford láti Britain, ẹ́ńjìnnì àti ṣáásì ló sábà máa ń dé. Káfíńtà ló ń fi pákó kan ìyókù. Ẹni tó bá mọ bọ́ọ̀lẹ̀kájà ní ilẹ̀ Yorùbá mọ irú ọkọ̀ náà.

Ohun méjì ló wá sọ Magazine di ńlá. Àkọ́kọ́ ni ọjọ́ 4, oṣù kẹjọ, ọdún 1974, tí Ghana kúrò ní ọwọ́ òsì títì bọ́ sí ọwọ́ ọ̀tún, ọdún méjì lẹ́yìn tí Nàìjíríà ṣe tirẹ̀. Ọkọ̀ tó ti Britain wá, ọwọ́ ọ̀tún ni sítíárìn rẹ̀ wà, ó sì di dandan kí ẹnì kan gbé e lọ sí òsì. Ọkọ̀ tó bá ti Jámánì wá kò nílò wàhálà yẹn. Ó ṣeé ṣe kí èyí wà lára ohun tó jẹ́ kí tòkunbọ̀ Jámánì wọ àwọn awakọ̀ lára.

Ìkejì ni ọ̀wọ́n. Láti àárín ọdún 1970 sí ìbẹ̀rẹ̀ 1980, owó ilẹ̀ òkèèrè tán lọ́wọ́ ìjọba, ẹ̀yà ara ọkọ̀ tuntun sì di góòlù. Fítà tí kò bá rí èyí tó fẹ́ rà gbọ́dọ̀ rọ ọ́ fúnra rẹ̀. Yunifásítì ìmọ̀ ẹ̀rọ tó wà ní Kumasi ti dá iléeṣẹ́ agbaninímọ̀ràn kan, TCC, sílẹ̀ lọ́dún 1972. Lọ́dún 1980, TCC ṣí ibùdó kan sáàárín Suame gangan, ó gbé ẹ̀rọ tó ń yí irin àti èyí tó ń gé e wá, ó sì ń kọ́ àwọn fítà bí wọ́n ṣe lè lò wọ́n. Àwọn ẹ̀rọ àlòkù láti Britain wà lára wọn. Àlòkù ni wọ́n fi ń tún àlòkù ṣe.

Bọ́ọ̀sì tí kò ní fèrèsé

Nígbà tí ọjà tún ṣí lẹ́yìn ọdún 1983, tòkunbọ̀ ya wọ Ghana. Èyí tí awakọ̀ trotro fẹ́ràn jù ni Mercedes 207, tí Jámánì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe lọ́dún 1977. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kò gbé èrò rí ní Yúróòpù. Ẹrù ni wọ́n ń kó: búrẹ́dì, páìpù, àga. Ẹ̀yìn wọn kò ní fèrèsé, kò ní ìjókòó.

Wọ́n á fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, wọ́n á gé irin náà, wọ́n á sì fi gíláàsì sí i. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á jó irin pọ̀ di ìjókòó, wọ́n á dè é mọ́ ilẹ̀ ọkọ̀, wọ́n á sì ṣe àwọn kéékèèké tó ń ká sókè, kí èrò lè kọjá lọ sẹ́yìn. Wọ́n á fi irin kún sípíríǹgì, nítorí ọ̀nà Ghana kì í ṣe ti Jámánì. Ẹni tó ń kọ̀wé ló ń kẹ́yìn, tí yóò kọ àdúrà tàbí òwe sẹ́yìn rẹ̀.

Àwọn onímọ̀ méjì, Jojada Verrips àti Birgit Meyer, kọ̀wé lọ́dún 2001 nípa awakọ̀ kan ní Ghana àti ọkọ̀ rẹ̀ tó ti gbó. Wọ́n ní àwọn fítà ní ọ̀rọ̀ kan fún iṣẹ́ yìí: wọ́n ń sọ ọkọ̀ di ti ilẹ̀ olóoru. Ohunkóhun tí ooru àti eruku bá lè tètè bà jẹ́, wọ́n á yọ ọ́, wọ́n á fi èyí tí ọwọ́ ọmọ ènìyàn lè tún ṣe rọ́pò rẹ̀.

Ojú ọ̀nà Èkó sí Kumasi

Ìtàn yìí kan Yorùbá. Nínú oṣù kọkànlá ọdún 1969, ìjọba Kofi Busia fún àwọn àjèjì tí kò ní ìwé àṣẹ ní ọ̀sẹ̀ méjì láti kó ẹrù wọn. Yorùbá pọ̀ nínú àwọn tó padà sílé, títí kan àwọn tí wọ́n bí sí Ghana. Àwọn kan nínú wọn ti ń ta ẹ̀yà ara kẹ̀kẹ́ lọ́jà ibẹ̀. Nínú oṣù kìíní ọdún 1983, ó kan Nàìjíríà láti lé ènìyàn, àwọn ọmọ Ghana tó tó nǹkan bíi mílíọ̀nù kan sì di báàgì wọn. Mẹkáníìkì wà lára àwọn tó padà, wọ́n sì bá ìlú tí kò ní ohunkóhun láti fi ṣiṣẹ́ ju ọgbọ́n orí lọ.

Òfin ọdún 2020

Lọ́dún 2013, àwọn fítà Suame àti àwọn ọmọ Netherlands méjì, Melle Smets àti Joost van Onna, fi bí oṣù mẹ́ta kan ọkọ̀ kan láti inú páńtí. Wọ́n sọ ọ́ ní Turtle 1. Ìjàpá mìíràn nìyẹn.

Lọ́dún 2020, Volkswagen bẹ̀rẹ̀ sí í to ọkọ̀ ní Accra. Ọdún yẹn kan náà ni ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin Ghana ṣe òfin pé ọkọ̀ tó bá ti lò ju ọdún 10 lọ, àti èyí tí jàǹbá ti bà jẹ́, kò gbọ́dọ̀ wọ̀lú mọ́. Èrò ìjọba ni pé kí ọjà ọkọ̀ tuntun lè gbèrú. Àwọn oníṣòwò tòkunbọ̀ fárí gá. Wọ́n bi ìjọba pé ta ló máa ra ọkọ̀ tuntun náà, ìjọba sì dá ìmúṣẹ òfin náà dúró.

Ọkọ̀ tó ti forí gbá ni oúnjẹ Suame. Bí wọ́n bá mú òfin náà ṣẹ, kì í ṣe awakọ̀ ló máa kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n lára, bí kò ṣe ọmọ iṣẹ́ tó ti fi ọdún mẹ́ta tàbí mẹ́rin sin ọ̀gá rẹ̀, tó ń retí ọjọ́ tó máa gba fúrídọ̀ọ̀mù. Ọkọ̀ tó ń dé báyìí tún ní kọ̀ǹpútà nínú, nítorí náà àwọn ọmọ iṣẹ́ kan ti ń gbé ẹ̀rọ kékeré tó ń ka àìsàn ọkọ̀ dání. Ní ọjà náà, ẹ̀rọ yẹn àti òòlù jọ ń wà nínú àpótí kan.