Flow cytometry: ẹ̀rọ tó ń ka sẹ́ẹ̀lì bó ṣe ń ṣàn

Flow cytometry ni ọ̀nà tí wọ́n ń gbà ka sẹ́ẹ̀lì lọ́kọ̀ọ̀kan, tí wọ́n sì ń dá a mọ̀, bó ṣe ń ṣàn kọjá níwájú iná lésà. Wọ́n á po ẹ̀jẹ̀ mọ́ àǹtíbọ́dì tó ní àwọ̀ títàn, èyí tó ń lẹ̀ mọ́ irú sẹ́ẹ̀lì tí wọ́n ń wá. Omi tó ń sáré á wá fún ẹ̀jẹ̀ náà di tín-ín-rín, títí sẹ́ẹ̀lì á fi tò bí èrò tó ń dúró níwájú báńkì. Bí lésà bá kan ọ̀kan, ìmọ́lẹ̀ tó lọ síwájú ń sọ bó ṣe tóbi tó, èyí tó yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ń sọ bí inú rẹ̀ ṣe rí, àwọ̀ tó tàn ló sì ń sọ orúkọ rẹ̀. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ló ń kà ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Àwọn ẹ̀rọ mìíràn tilẹ̀ lè ṣa irú kan sọ́tọ̀, kí olùwádìí lè yẹ DNA rẹ̀ wò.

Wolfgang Göhde ní Münster, Jámánì, ló ṣe àkọ́kọ́ irú rẹ̀ tó ń lo àwọ̀ títàn, lọ́dún 1968.

Ní Nàìjíríà, HIV ló gbé e jáde. Sẹ́ẹ̀lì CD4 ni irú sẹ́ẹ̀lì funfun tí kòkòrò náà ń pa. Ẹni tí ara rẹ̀ le sábà máa ń ní 500 sí 1,500 nínú máíkírólítà ẹ̀jẹ̀ kan. Nígbà tí ìjọba bẹ̀rẹ̀ ètò oògùn ní 2002, iye CD4 wà lára ohun tó ń sọ ẹni tí oògùn kàn. Àmọ́ ẹ̀rọ náà wọ́n bí ojú, iná mànàmáná wa kò sì ṣeé gbára lé. Partec, ilé iṣẹ́ Göhde, wá ṣe CyFlow, ẹ̀rọ kékeré tí bátìrì mọ́tò lè gbé. Àwọn oníṣègùn Jos dán an wò. Àbájáde wọn tó jáde ní 2005 fi hàn pé iye tó kà sún mọ́ ti ọ̀nà àfọwọ́kà.

Ohun tó kù ni ọ̀nà tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà dé ibi ẹ̀rọ. Ká ní wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ ní Ibereko, lẹ́bàá ọ̀nà Èkó sí Àgbádárìgì, sínú ìgò kékeré onídèérí àlùkò. Kò gbọ́dọ̀ dì, kò gbọ́dọ̀ gbóná, ó sì dára kí ẹ̀rọ rí i láàárín ọjọ́ méjì. Bí ẹ̀rọ bá wà ní Yaba láàárín ìlú Èkó, gosiló wà lára àyẹ̀wò nìyẹn.

Ní 2015, Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí gbogbo ẹni tó ní HIV máa lo oògùn, iye CD4 yòówù kó ní. Nàìjíríà gbà bẹ́ẹ̀ ní 2016. Síbẹ̀, wọ́n ṣì ń kà á. Ẹni tí tirẹ̀ kò bá tó 200, wọ́n gbọ́dọ̀ yẹ̀ ẹ́ wò fún ikọ́ ẹ̀gbẹ àti cryptococcus tó ń wọ ọpọlọ.