Ọpọlọ tí wọn kò pààrọ̀ nínú PS4 Pro

Kí PS4 Pro tó jáde ní 2016, ọ̀pọ̀ eléré géèmù ló ń fọwọ́ sọ̀yà pé Zen tí AMD ń ṣe lọ́wọ́ ni Sony máa fi ṣe processor, ìyẹn ọpọlọ ẹ̀rọ náà. Rárá o. Jaguar inú PS4 ti 2013 náà ni. Eré rẹ̀ ló kàn kúrò ní 1.6 GHz tó di 2.1. Zen gan-an ò tíì dọ́jà, ó di oṣù kẹta 2017.

Àwọn kan ní Sony ṣahun. Àwa ò gbà. Ẹ ki dísìkì àtijọ́ bọ̀ ọ́ nígbà yẹn, ìdajì ẹ̀yà tó ń ya àwòrán á sinmi, Pro á wá ṣe bíi ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ọmọ Adó-Àwáyè tó tu owó jọ ra dísìkì tòkunbọ̀ ní Ìṣẹ́yìn ò ní kó o dànù.