Ìkarahun ọdún 1898 tó ṣì ń fọ́ ìbọn lónìí

Ẹ jókòó, ìtàn ọta ìbọn ni mo gbé dé lónìí 🧵 Kì í ṣe ti ogun o. Ti àwọn ará Amẹ́ríkà ni, àwọn tó máa ń kó ọta tí wọ́n ti yìn jọ, tí wọ́n á tún un kì nínú gáréèjì ilé wọn. Òfin gbà wọ́n láyè lọ́hùn-ún. (Níbí ńkọ́? Ẹ má dán an wò, ọlọ́pàá ò ní gbọ́ àlàyé.)

Nǹkan mẹ́rin ló wà lára ọta òde òní: ìkarahun idẹ, práímà tó ń ta iná nídìí ẹ̀, ẹ̀tù nínú, òjé lórí. Tẹ́ ẹ bá yìn ín, òjé lọ, ẹ̀tù jó tán, práímà kú. Idẹ ló kù, òun ló sì sábà máa ń wọ́n jù. Ta ló fẹ́ da owó nù?

Láwọn ọdún 1870, àwọn ọdẹ ẹfọ̀n ní pápá Amẹ́ríkà ti ń ṣe é. Ìlú jìnnà sí wọn. Tó bá dalẹ́, wọ́n á yọ́ òjé nídìí iná, wọ́n á ki ọta ọ̀la. Ẹ̀tù dúdú ni wọ́n ń lò, ọmọ ìyá èyí tí àwọn ọdẹ tiwa ń rọ sínú ṣakabùlà. Ẹ̀tù yẹn ṣàánú èèyàn, torí ńṣe ló máa ń kún ìkarahun. Ọta .45-70 táwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà gbà ní 1873, 70 yẹn gan-an ni ìwọ̀n ẹ̀tù inú ẹ̀, ní gíréènì. Ẹ rọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì, á dà sílẹ̀. Afọ́jú pàápàá á mọ̀.

Nígbà tó di 1884, Paul Vieille ní ilẹ̀ Faransé ṣe ẹ̀tù tí kì í rú èéfín bíi ti tẹ́lẹ̀. Agbára ńlá! Díẹ̀ nínú ẹ̀ ń ṣe iṣẹ́ ọ̀pọ̀ ẹ̀tù dúdú. Àwọn kan sì rọ ọ́ kún bí wọ́n ṣe ń rọ ti àtijọ́. Ìbọn fọ́ mọ́ wọn lọ́wọ́.

Ibi tọ́rọ̀ wà gan-an rèé. Smith & Wesson gbé .38 Special jáde ní 1898. Ẹ̀tù dúdú bíi gíréènì 21 ni wọ́n fi wọn ìkarahun ẹ̀. Kò pẹ́ tí ẹ̀tù tuntun fi gbapò, ṣùgbọ́n wọn ò gé ìkarahun kúrú. Títí dòní, ẹ̀tù inú ẹ̀ máa ń wà nísàlẹ̀ bíi gààrí tó kù sídìí ife. Ẹ rọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì, kò ní dà. Ẹ ti òjé bò ó lẹ́nu, ìta ẹ̀ ò yàtọ̀ sí tàwọn yòókù.

Nígbà tó jẹ́ irinṣẹ́ bí ẹ̀mú tí John Barlow ń tà ni wọ́n ń lò, ọ̀kọ̀ọ̀kan ni iṣẹ́ ń lọ, ojú sì ń ráyè wò. Progressive press ló yí i padà. Irú ẹ̀ ti wà láti àwọn ọdún 1930, àmọ́ Mike Dillon, tó ń wa bàálù fún TWA, wà lára àwọn tó sọ ọ́ di nǹkan tí mẹ̀kúnnù lè rà. Ẹ fa ọwọ́ ẹ̀rọ lẹ́ẹ̀kan, apá kọ̀ọ̀kan á ṣe iṣẹ́ tiẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ọta kan á jábọ́. Ọgọ́rọ̀ọ̀rún láàárín wákàtí kan.

Lórí RL 550 tiẹ̀, ọwọ́ lẹ fi ń yí àwo tó gbé ìkarahun. Fóònù dún, ẹ gbàgbé láti yí i, ẹ tún fà á: ìkarahun kan náà ti gba ẹ̀tù lẹ́ẹ̀mejì nìyẹn. Òdìkejì ẹ̀ náà burú. Tí kò bá gba ẹ̀tù rárá, práímà nìkan lè ti òjé wọnú ihò ìbọn kó há síbẹ̀. Ẹ yin òmíràn tẹ̀ lé e, ìbọn bú! XL 650 ní tiẹ̀ máa ń yí àwo fúnra ẹ̀, ẹ sì lè fi nǹkan kan sí i tó máa pariwo tí ẹ̀tù bá pọ̀ jù tàbí kéré jù.

Èmi ò ní gbára lé ariwo yẹn nìkan o. Àwọn àgbà iṣẹ́ yìí náà ò gbára lé e. Ike ẹ̀tù kan ṣoṣo ló ń wà lórí tábìlì wọn. Inú ìwé àwọn tó ṣe ẹ̀tù ni wọ́n ti ń wo iye tí wọ́n máa rọ, ìsàlẹ̀ ni wọ́n sì ti ń bẹ̀rẹ̀, wọ́n á máa gbé e sórí òṣùwọ̀n lóòrèkóòrè. Tí ẹ̀rọ bá há, gbogbo ìkarahun orí àwo ni wọ́n ń yọ yẹ̀ wò. Gíláàsì lójú, kò sóúnjẹ nítòsí torí májèlé òjé. Kóòdá, àwọn míì máa ń so iná kékeré mọ́ ẹ̀rọ, tó ń tàn tààrà sínú ìkarahun kí òjé tó bò ó lẹ́nu.