Julius Nyerere: Ẹni tí Ó Fi Ọ̀rọ̀ Ẹnu Gba Òmìnira

Ẹ̀yin olùgbọ́ wa, àwọn àgbà a máa wí pé ọ̀rọ̀ rere níí yọ obì lápò, ọ̀rọ̀ búburú níí yọ ọfà lápó. Ìtàn tí a mú wá lónìí jẹ́ ti ọkùnrin kan tí ó fi ọ̀rọ̀ ẹnu gba ilẹ̀ baba rẹ̀ lọ́wọ́ àwọn òyìnbó tí ń ṣàkóso rẹ̀. Julius Nyerere ni orúkọ rẹ̀. Tanganyika, ní ìlà-oòrùn Áfíríkà, ni ilẹ̀ rẹ̀. Tanganyika yìí àti Zanzibar ni ó parapọ̀ ní ọdún 1964 tí wọ́n di Tanzania.

Ó yẹ kí a kọ́kọ́ mọ ohun tí ojú àwọn ará ilẹ̀ náà ti rí. Àwọn ará Jámánì ni ó kọ́ gba Tanganyika, wọ́n sì ń fi ipá mú àwọn ènìyàn gbin òwú. Ní ọdún 1905, àwọn ará ìhà gúúsù gbé ogun dìde. Wọ́n lo omi kan tí wọ́n gbàgbọ́ pé yóò sọ ọta ìbọn di omi lásán. Ìdí nìyí tí a fi ń pe ogun náà ní Maji Maji, nítorí pé “maji” ni omi ní èdè Swahili. Ṣùgbọ́n ọta kò di omi. Àwọn Jámánì sun oko, wọ́n sun àká, ìyàn sì mú. Nígbà tí ogun náà fi parí ní 1907, ọ̀kẹ́ àìmọye ènìyàn ti kú. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kìíní ni ilẹ̀ náà bọ́ sí ọwọ́ Gẹ̀ẹ́sì.

Ní 1922 ni a bí Nyerere ní Butiama, nítòsí adágún ńlá Victoria. Olóyè àgbà ìran Zanaki ni baba rẹ̀. Ó kàwé ní Tabora, ó lọ sí Makerere ní Uganda, ó sì parí rẹ̀ sí Edinburgh. Nígbà tí ó padà dé ní 1952, iṣẹ́ olùkọ́ ni ó ń ṣe. Títí di òní, “Mwalimu”, èyí tí í ṣe olùkọ́, ni wọ́n ń pè é. Ní ọjọ́ 7 oṣù Keje, 1954, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dá ẹgbẹ́ òṣèlú TANU sílẹ̀.

Àjọ Ìparapọ̀ Orílẹ̀-Èdè Àgbáyé ni ó ń bojú tó bí Gẹ̀ẹ́sì ṣe ń ṣàkóso Tanganyika. Nítorí náà, ní 1955, Nyerere lọ bá wọn ní New York. Kò bú ẹnikẹ́ni. Ó ní kí wọ́n jẹ́ kí ó yé gbogbo ayé pé ilẹ̀ ènìyàn dúdú ni Tanganyika, àti pé àwọn ọmọ ilẹ̀ náà ni yóò ṣe ìjọba rẹ̀. Nígbà tí ó dé ilé, wọ́n ní kí ó yan ọ̀kan nínú iṣẹ́ olùkọ́ àti òṣèlú. Ó fi iṣẹ́ sílẹ̀. Ó ń lọ láti ìlú dé ìlú, Bibi Titi Mohamed sì ń kó àwọn obìnrin jọ sínú ẹgbẹ́.

Ní 1958 ni ọ̀rọ̀ wá le. Ìjọba fẹ́ ṣe ìdìbò, ṣùgbọ́n òfin rẹ̀ rorò. Ẹnikẹ́ni tí yóò dìbò gbọ́dọ̀ yan ènìyàn dúdú kan, ará Éṣíà kan, àti òyìnbó kan. Ènìyàn dúdú ju mílíọ̀nù 8 lọ nígbà náà, òyìnbó kò sì ju nǹkan bí 20,000 lọ. Síbẹ̀ iye àga kan náà ni a pín fún wọn. Ẹni tí kò ní owó tàbí ìwé tó bí òfin ti wí kò tilẹ̀ lè dìbò.

Nígbà tí ẹgbẹ́ pàdé ní Tabora ní oṣù Kìíní ọdún náà, inú ń bí ọ̀pọ̀ ènìyàn. Wọ́n ní àwọn kò ní dá sí irú ìdìbò bẹ́ẹ̀. Nyerere dìde. Ó ṣàlàyé fún wọn pé bí àwọn bá kọ̀, àwọn ẹlòmíràn ni yóò jókòó sórí àga, òfin tí wọ́n bá sì ṣe yóò de gbogbo ìlú. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ wọ púpọ̀ nínú wọn létí. Zuberi Mtemvu bínú, ó lọ dá ẹgbẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀. TANU wá àwọn òyìnbó àti ará Éṣíà tí ó fẹ́ òmìnira, wọ́n sì tì wọ́n lẹ́yìn. Nígbà tí ìdìbò parí ní 1959, àwọn tí TANU tì lẹ́yìn ni ó gba gbogbo àga. Òfin tí ìbá dè wọ́n ni wọ́n fi ṣe àkàbà.

Ní 1958 kan náà, ilé ẹjọ́ dá a lẹ́bi nítorí ohun tí ó kọ nípa àwọn aláṣẹ ìjọba. Kí ó san £150, tàbí kí ó lọ ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà. Ó san owó náà. Ẹ̀wọ̀n ìbá fún un ní òkìkí, ṣùgbọ́n ta ni ìbá bá Richard Turnbull, gómìnà tuntun, sọ̀rọ̀? Ní ìdìbò 1960, TANU gba 70 nínú àga 71. Ní ọjọ́ 9 oṣù Kejìlá, 1961, Tanganyika di òmìnira, a sì tan iná sórí òkè Kilimanjaro.

Kì í ṣe pé ọ̀rọ̀ dídùn nìkan ni ó ṣe é. Ogunlọ́gọ̀ ènìyàn wà lẹ́yìn rẹ̀, gbogbo ayé sì ń wo Gẹ̀ẹ́sì. Bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe gbogbo ohun tí ó ṣe lórí oyè ni ó dára: ní 1962 ni ìjọba rẹ̀ ṣe òfin tí a fi lè ti ènìyàn mọ́lé láìrojọ́. Ṣùgbọ́n ó fi oyè sílẹ̀ fúnra rẹ̀ ní 1985, ó sì kú ní 1999.

Ẹ̀yin ọmọ ilé ìwé, ẹ fi èyí sọ́kàn. Kí a bá ọ̀tá wa sọ̀rọ̀ kì í ṣe ojo. Àwọn ará ilé ẹni tí inú ń bí, àwọn gan-an ni ó ṣòro jù láti bá sọ̀rọ̀, Nyerere sì bá wọn sọ ọ́ ní Tabora. Ẹni tí ó bá fi sùúrù pa èèrà ni yóò rí ìfun rẹ̀.